Má Kó Páálí Ìwé Rẹ Jáde Nítorí Ìyá Ọkọ Rẹ

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
Mọ́ńdè, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Àbẹ̀kẹ́,

Èmi ìyá àgbà rẹ ni. Àǹtí rẹ Ṣèyí ló ń kọ ọ́, èmi ni mò ń sọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, kó má fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ara mi le. Orúnkún òsì ṣì ń dùn mí. Gbogbo ará ilé wà. Ìyẹn tó fún ìkíni.

O pè mí lánàá, o ń sunkún lórí fóònù, o ní kí n sọ fún ọ ohun tí o máa ṣe. Mi ò lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, nítorí bí mo bá sọ ẹyọ kan, ìwọ a sọ mẹ́ta: "Màmá, ẹ gbọ́ ná. Màmá, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé." Nínú lẹ́tà, o ò lè dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Jókòó, kí o kà á tán. Awakọ̀ tó ń ná Ògbómọ̀ṣọ́ láti gáréèjì wa ni yóò mú un wá fún ọ.

Jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè mọ̀ pé ó yé mi. O wọ ilé ọkọ, o ò sì lè pe àwọn àbúrò ọkọ rẹ lórúkọ, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tí wọ́n kọ́ nílé. O fún kálukú ní orúkọ tirẹ̀. Èyí àbígbẹ̀yìn, Bùkọ́lá, o sọ ọ́ ní Òpéléńgẹ́, nítorí pé ọmọ náà tẹ́ẹ́rẹ́. Inú ọmọ dùn, inú ìyá rẹ̀ náà dùn. Ṣùgbọ́n inú ìwé aláwòrán kan ni o ti rí orúkọ náà, ọmọ náà sì lọ bá ìwé ọ̀hún nínú páálí tí o kó ìwé ìtàn rẹ sí. Ó gbé e sáré bá ìyá rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ wá wo èmi nínú ìwé!" Ojú ewé tí ìyá náà ṣí ni ibi tí Òpéléńgẹ́ inú ìwé ti ki ọwọ́ bọ inú àká ọba. Ó figbe ta. Ó ní, "Háà! Orúkọ olè ni ìyàwó yìí fi ń pe ọmọ mi?" Láti ọjọ́ náà, bí o bá kí i, kì í dáhùn. Ó wá ní páálí ìwé yẹn gbọ́dọ̀ kúrò nílé òun kí Sátidé tó dé. Kúnlé ọkọ rẹ ní kí o kó o fún àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní àdúgbò Under G, kí àlàáfíà lè wà. Ìwọ náà sì ti ń tẹrí ba láti gbà.

Má gbà.

Ó parí. Ìdí rẹ̀ ni mo máa sọ nínú ìyókù.

Má rò pé ojú ìfẹ́ ni mo fi ń wo àwọn ìwé náà. Gbogbo ìgbà tí o fi ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ wa níbí, ìwọ lo máa ń kà wọ́n fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí n óò máa bó ẹ̀gúsí. Mo mọ ohun tó wà nínú páálí yẹn ju ìyá ọkọ rẹ lọ. Òmíràn wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí kì í bá ṣe pé o bẹ̀ mí, mo ti fi dáná ọ̀sán.

Èyí tó ní èèpo pupa ńkọ́, ti obìnrin lọ́yà tó ń gbé Èkó? Ojú ewé kan kò lọ kí obìnrin yẹn má sunkún. Bí kò bá sunkún, á lọ dúró lójú fèrèsé. Mo bi ọ́ pé, "Kí ló ń wò níta?" O ní, "Màmá, ó ń ronú ni." Mo ní, "Ṣé kò lè máa ronú kó sì máa gbálẹ̀?" Ó jẹun nínú ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, a kò rí ẹni tó fọ abọ́. Mi ò gbà á gbọ́. Ìbànújẹ́ kì í dá iṣẹ́ ilé dúró. Mo sin ọkọ, mo sì tún lọ gbé ọbẹ̀ kaná fún àwọn tó wá kí mi.

Ti àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta tó ń jà sí ilé bàbá wọn dára. Ìwé tó sanra yẹn. Ìyàwó àkọ́bí wọn ni mo fẹ́ràn jù. Ó burú dáadáa! Kì í ṣe ìkà tó ń bẹ̀rù, ó mọ ohun tó ń ṣe, ó sì ń fara balẹ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tó kọ ìwé kò mọ bó ṣe máa ṣe é mọ́, ó ní mọ́tò gbá a. Mo ní kí o tún ibẹ̀ kà, mo rò pé o fo nǹkan ni. Mọ́tò kẹ̀! Gbogbo èèyàn burúkú inú ìwé ni mọ́tò máa ń gbá. Àwọn tí mo mọ̀ ládùúgbò yìí, wọ́n dàgbà, wọ́n darúgbó, wọ́n sì ṣe ọjọ́ ìbí.

Èyí tí a kò kà tán, o rántí? Ibi tí ìyàwó tuntun ti pe àbúrò ọkọ rẹ̀ ní "Túnjí, gbé omi wá." Mo ní kí o pa á dé. O ní, "Màmá, ìtàn ni." Mo ní ìtàn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ kò sun inú agboolé mọ́jú rí. Ọmọ tí ìyàwó bá nílé, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́, ó ti di ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Ìyàwó inú ìwé yẹn ì bá pè é ní Akọ̀wé, ì bá pè é ní Ìgbàlódé, ì bá pè é ní ohun tó bá wù ú. Ó pè é ní Túnjí. Mi ò lè fojú kan obìnrin náà mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ohunkóhun tí wọ́n ì báà ṣe fún un.

Àwọn ìwé aláwòrán ni mo fẹ́ràn jù, nítorí mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni kà wọ́n fún mi. Mo lè jókòó èmi nìkan, kí n máa ṣí i. Ti ọmọkùnrin tó ń fò lójú ọ̀run yẹn kò wù mí o. Ó ń bà sí àgbàlá onílé, kò ní "ẹ kú ilé." Ó ń gba àwọn èèyàn là, ó ń fò lọ, kò jẹ́ kí wọ́n dúpẹ́. Ta ló tọ́ ọ? Ẹni tó sì ya àwòrán rẹ̀, kò gbé ẹrù rí láyé ẹ̀. Ó ya ìyá arúgbó tó ru igi, kò ya òṣùká sábẹ́ igi náà. Orí ìyá yẹn á ti bó.

Ṣùgbọ́n ti Òpéléńgẹ́ dára. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé ó dára, nítorí ẹ̀rù ti bà ọ́ débi pé ìwọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní ìwé burúkú lórí fóònù lánàá. Ìwé burúkú wo? Ìyàn mú ní ìlú. Ọba kó ọkà sínú àká, ó tì í. Ọmọbìnrin yìí tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè gba àárín pákó ara àká náà wọlé. Ó ń kó ọkà síta fún àwọn ìyá ọlọ́mọ, òun fúnra rẹ̀ kò fi ẹyọ kan kan ẹnu. Lọ́jọ́ tí ebi wá bò ó mọ́lẹ̀, ó jẹun nínú àká títí ikùn rẹ̀ fi yọ, kò wá lè gba àárín pákó jáde mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un. Nígbà tí mo dé ibi àwòrán yẹn, tí ikùn rẹ̀ há sáàárín pákó, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jà, mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gúsí fi dà nù. Lẹ́yìn náà ni mi ò rẹ́rìn-ín mọ́, nítorí mo wo ojú rẹ̀. Ẹni tó ya ojú yẹn mọ ebi.

Ìparí rẹ̀ nìkan ni mo ń bá a jà. Wọ́n ní ọba dárí jì í, ó sì fi ṣe aya. Ta ló bẹ̀ ẹ́? Ọkùnrin tó ti àká pa nígbà ìyàn, òun ni kí wọ́n dárí jì. Bí mo bá rí ẹni tó kọ ọ́, n óò sọ fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ máa ń rò pé ẹni tí kò mọ̀wé ni kì í lóye ìwé. Ìyá ọkọ rẹ lọ sí ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ojú ewé kan ṣoṣo ló wò, ó sì dájọ́. Èmi ń wo àwòrán náà, ṣùgbọ́n mo máa ń ṣí i dé ẹ̀yìn. Mi ò bú u o. Inú lè bí ìyá, kó má lè ka nǹkan tán. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò yẹ kí ojú ewé kan tí kò kà tán lé páálí odindi jáde.

Àǹtí rẹ ti gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, ìgbéyàwó ọmọ yìí kò tíì pé ọdún kan. Kó kó àwọn ìwé náà wá síbí, kí wọ́n máa gbé lọ́dọ̀ yín. Ṣebí ẹ̀yin náà fẹ́ràn wọn." Mo ní kó gbé bírò rẹ̀ padà. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ rò pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo fẹ́ràn wọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi dákẹ́ láti ìgbà tí o ti lọ, mi ò sì tíì rí ẹni tó lè kàwé bíi tìrẹ. Ṣèyí ń kà á bí ẹni tó ń ka ìwé owó iná. Ó ní kí n yọ ìyẹn. Ó ti kọ ọ́ ná. Bí o bá kó páálí náà wá bá mi, inú mi á dùn, ìwọ á sì ti di ẹni tí wọ́n lé ohun ìní rẹ̀ jáde nílé ọkọ. Mi ò fẹ́ irú ìdùnnú bẹ́ẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ tèmi fún ọ, mi ò sọ ọ́ fún ìyá rẹ rí.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé yìí bí ìyàwó, télọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tí wọ́n ń pè ní Lásísì. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ló ń lò. Bó bá ti kó ẹyin iná sínú rẹ̀, kò ní iṣẹ́ mìíràn títí yóò fi gbóná, ìwé ìtàn ni yóò sì mú, yóò máa kà á sókè. Àwa ìyàwó tó ń ti odò bọ̀ á sọ omi kalẹ̀, a ó dúró gbọ́. Bí áyọ́ọ̀nù bá ti gbóná, á pa ìwé dé. Ẹ̀bẹ̀ kò lè mú un ka ìlà kan sí i. A máa ń bú u pé kó lọ ra áyọ́ọ̀nù tó tóbi, tí kì í tètè gbóná. Á ní, "Ẹ̀yin ìyàwó, ṣé ẹ fẹ́ kí n jó ṣòkòtò olóṣòkòtò ni?"

Ìtàn tó ń kà fún wa jẹ́ ti obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ sọnù, tó ń wá a láti ìlú dé ìlú. Lọ́jọ́ kan, ó dé ẹnu ọ̀nà ilé kan tí kò mọ̀ rí, ó gbọ́ tí ọmọdé wúkọ́ nínú ilé. Ó dúró. Ó mọ ikọ́ náà. Ibẹ̀ ni áyọ́ọ̀nù gbóná.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ìyá ọkọ mi pè mí. Wọ́n ní ìyàwó tó ń dúró gbọ́ ìtàn lọ́dọ̀ télọ̀ kò ní pẹ́ tẹ̀lé télọ̀ lọ. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà." Mi ò dúró níbẹ̀ mọ́. Mo rò pé wọn óò fẹ́ràn mi nítorí ẹ̀. Kò pẹ́, wọ́n ní ẹ̀rín mi pọ̀ jù. Mo dín in kù. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ mi kan kò gbọdọ̀ wá kí mi mọ́. Mo sọ fún un kó má wá. Wọ́n ní bí mo ṣe ń rìn kò wu àwọn. Àbẹ̀kẹ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ bọ́ ẹsẹ̀ mi sílẹ̀? Ọjọ́ tí mo kọ̀, tí mo ní, "Mà, báyìí ni mo ṣe ń rìn," ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí fojú èèyàn wò mí. Títí wọ́n fi kú, èmi ni wọ́n máa ń ní kó wá bá àwọn jókòó.

Ṣùgbọ́n Lásísì ti kó kúrò nígbà náà. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ọmọ obìnrin yẹn ló ń wúkọ́, àbí ọmọ ẹlòmíràn. Mo bi àwọn tó dúró gbọ́ ọ, wọ́n ní, "Ìwé wo?" Mo ti di arúgbó, ó ṣì ń bí mi nínú.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo ní kí o ṣe.

Èkíní, lọ kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ. Kúnlẹ̀ dáadáa, má ṣe é bí ẹni tí wọ́n tì. Sọ pé, "Ẹ má bínú, mà, pé ọ̀rọ̀ náà dùn yín." Ìyẹn kò le. Ìyá ni, inú ń bí i nítorí ọmọ rẹ̀. Orúnkún rẹ ni mo ní kí o gbé kalẹ̀ fún un o, mi ò ní kí o gbé páálí kalẹ̀. Bó bá ní, "Ìwé náà ńkọ́?", kí o ní, "Wọ́n wà nínú yàrá mi, mà." Kí o dìde, kí o lọ ro ọkà.

Èkejì, má pa orúkọ ọmọ náà dà. Òpéléńgẹ́ ni yóò máa jẹ́. Bí o bá yí i padà, o ti gbà pé olè ni o pè é nìyẹn. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ kò sì bínú. Òun ló rí ara rẹ̀ nínú ìwé tó sáré lọ pe ìyá rẹ̀ wò. Ìgbà wo ni ọmọ tí wọ́n bú sáré lọ fi èébú náà han èèyàn? Ó rí ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ bíi tirẹ̀ tó ń bọ́ ìlú, ó ní, "Èmi nìyí." Bí ẹ bá kó ìwé náà jáde báyìí, òun ni ẹ máa kọ́ pé ojú tì í.

Ti Kúnlé. Ọmọ dáadáa ni, mo gbà kó fẹ́ ọ, mi ò sì kábàámọ̀. Ẹ̀rù ìyá rẹ̀ ló ń bà á. Ṣùgbọ́n ta ló ra ìwé Òpéléńgẹ́? Nígbà tó ń wá ọ nílé wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì rẹ̀ ní Under G, ṣé kì í ṣe òun ló mú un wá nínú láílọ́ọ̀nù, tó ní, "Mo rí èyí, mo rántí yín"? Ojú mi ló ṣe. Ó jókòó sórí àga mi, ó rẹ́rìn-ín níbi ikùn há sí pákó ju èmi gan-an lọ. Ní báyìí tí ìyá rẹ̀ ń bínú, ó ti di ìwé ìyàwó. Ó sọ fún ọ pé kí o kó o lọ tà. Kò sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun lòun rà á. Ọkùnrin tó bá jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ nìkan ru ẹrù àwọn méjèèjì ń dá àṣà kan sílẹ̀ ni, bí o bá sì gbà á fún un nísinsìnyí, òun ni yóò máa dá títí. Mi ò ní kí o bá a jà. Ka ibi tí mo wà yìí sí i létí, kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Àǹtí rẹ tún ní kí n sọ̀rọ̀ sùúrù. Mo ti lo sùúrù rí, mo sì ti sọ ibi tó gbé mi dé fún ọ.

Fúráìdé ni mò ń bọ̀. Ọkọ̀ àárọ̀ ni n óò wọ̀, n óò gba kẹ̀kẹ́ láti gáréèjì dé ẹnu ọ̀nà yín. Mi ò wá jà, àna mi ni wọ́n, n óò mú ẹ̀gúsí tí mo fọwọ́ ara mi bó wá fún wọn. Jẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ mọ̀ pé mò ń bọ̀, kó má ní mo bá òun lójijì. Jẹ́ kí Kúnlé tètè ti ṣọ́ọ̀bù. Bí a bá ti jẹun tán, n óò ní kí ó mú ìwé Òpéléńgẹ́ wá sí pálọ̀, kó jókòó sáàárín èmi àti ìyá rẹ̀, kó kà á sókè láti ewé àkọ́kọ́ dé ìgbẹ̀yìn, kí Bùkọ́lá náà wà níbẹ̀. Kó sì kọ́kọ́ sọ ẹni tó rà á. Lẹ́yìn náà, kí ìyá rẹ̀ wá sọ pé ìwé náà kò dára. Bó bá gbọ́ ọ tán tó sì kórìíra rẹ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, èmi náà kórìíra ìparí rẹ̀. A ó jọ bú ẹni tó kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n kí o sọ èyí fún Kúnlé, kó lọ sọ fún ìyá rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà: bí mo bá sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ tí mo bá páálí ìwé ọmọ mi lẹ́nu ọ̀nà, mi ò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè. N óò ká aṣọ orí mi ṣe òṣùká, n óò gbé páálí náà rù, èmi àna wọn àgbà, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí, n óò gbé e gba iwájú gbogbo ará àdúgbò wọlé padà. Kí wọ́n wá máa wò mí.

Èmi ni,
Ìyá àgbà rẹ.
Ìka mi ni mo tẹ̀ sísàlẹ̀ yìí, kí o má baà rò pé Ṣèyí ló dá a sọ.